Àwọn Íìlì Bàbá Dáramọ́lá

Nígbà tí Ayọ̀kúnnúmi máa fi jáde ní ọsibítù ní Largo, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé bàtà ń ha á. Wákàtí méjìlá ló yẹ kó fi ṣiṣẹ́, àmọ́ ó di mẹ́tàlá, torí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Obìnrin náà ní afẹ́fẹ́ tó jà lálẹ́ àná ti wó igi dí ọ̀nà káàkiri. Ayọ̀kúnnúmi ò gbúròó afẹ́fẹ́ kankan. Wọ́ọ̀dù tó wà kò ní fèrèsé, aláìsàn márùn-ún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sì yéé fa abẹ́rẹ́ omi yọ lára títí ilẹ̀ fi mọ́.

Inú mọ́tò ló ti pe bàbá rẹ̀. Kò gbé e. Ó tún pè é nígbà tó dé ibi iná pupa, kò gbé e. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó lè jẹ́ pé oorun ló gbé e lọ. Àmọ́ nígbà tó wọ Forestville, àdúgbò tí wọ́n ń gbé, tó rí i pé iná ojú títì ò tàn ní oríta méjèèjì tó kọjá, tí gbogbo ilé ṣókùnkùn, ó tẹ mọ́tò náà dáadáa.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Bàbá Dáramọ́lá. Ọdún kẹrin rèé tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ omi ìjọba ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ń po oògùn sí omi tí ìlú ń mu. Ọdún kejì tó dé Amẹ́ríkà ni dókítà sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń gan, pé àwọn ò mọ ohun tó fà á, àti pé kò sí oògùn tó lè dá a padà bó ṣe wà. Láti ìgbà náà ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà nímú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí ẹ̀rọ kan tó tó báàgì ọmọ iléèwé ń fún un ní ọ́síjìn.

Ẹja pípa nìkan ni kò jẹ́ kí àìsàn yìí gbà lọ́wọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, Oyèwálé, tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì èrò, máa ń wá gbé e lọ sí etí odò Potomac lápá Fort Washington. Ẹja tí wọ́n ń wá lọ ni èyí tí àwọn ará Maryland ń pè ní rọ́kìfíìṣì, ẹja aláwọ̀ fàdákà tó ní ìlà dúdú gbọọrọ-gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Dáramọ́lá ti dán ìdẹ oríṣiríṣi wò, ó wá fẹnu kò sí i pé kò sí èyí tó dà bí íìlì tó wà láàyè. Íìlì yìí, ẹja ni, àmọ́ ó gùn bí ejò, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, kò sì ṣeé dì mú.

Inú gáréèjì ló ń sìn wọ́n sí. Ó ra ike ìdalẹ̀nù ńlá kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì da ilẹ̀ sí rí, ó pọn omi sí i, ó sì kán oògùn tó ń pa agbára kílórínì sínú omi náà. Ó ní ẹni tó ti fi kílórínì sí omi fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n mọ ohun tí kílórínì ń fojú ẹja rí. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ike náà, omi á máa hó wẹ́wẹ́. Kì í fún wọn lóúnjẹ, torí wọ́n lè wà láìjẹun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí wọ́n bá sì jẹun, wọ́n á ba omi jẹ́. Àràárọ̀ ló ń ṣí ike náà wò bóyá ọ̀kan ti kú, kó tètè yọ ọ́ kó má baà pa àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, á dé e, á gbé bíríkì méjì lé ìdérí, torí wọ́n mọ̀ ọ́n yọ́ jáde. Nígbà kan tí Ayọ̀kúnnúmi fẹ́ fọṣọ, ó bá ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó sá jáde lọ síta láìwọ bàtà.

"Dádì, ilé yìí ò lè gba èmi àti ejò."

"Kì í ṣe ejò. Ejò kì í ní lẹbẹ," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́, ó mú un.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, kò bá bàbá rẹ̀ ní yàrá. Kò sí ní pálọ̀. Ó pè é, kò gbọ́ ohùn. Gáréèjì ló ti bá a, ó jókòó sórí àga oníke, ó wọ kóòtù òtútù, ó fi orí ti ògiri. Rọ́bà náà wà nímú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ́síjìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dákẹ́. Bátìrì ńlá tí Ayọ̀kúnnúmi rà fún irú ọjọ́ báyìí, ọjọ́ tí iná bá lọ, wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà kan jáde lára bátìrì náà, ó lọ tààrà sí ibi ike àwọn íìlì. Omi inú ike náà ń hó wẹ́wẹ́.

Ètè bàbá náà ti dúdú. Ayọ̀kúnnúmi kò kí i. Ó kúnlẹ̀, ó yọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó fi há ìka bàbá rẹ̀. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí aláìsàn kan bá rí bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò máa sáré.

"Dádì, kí lẹ ń ṣe báyìí?"

Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó mí, ó tún mí, kó tó lè sọ̀rọ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó kàn mí."

Kò yé e. Ó fa wáyà íìlì yọ, ó ki ti ẹ̀rọ ọ́síjìn bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà dún. Ó wo ojú bátìrì: ìlà kan ṣoṣo ló kù. Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni iná lọ, bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ ọ́síjìn sì tètè tán. Bátìrì ńlá yìí ò lè gbé ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ kó pẹ́. Ó wá pín in. Wákàtí kan fún òun, wákàtí kan fún wọn.

"Sílíńdà ọ́síjìn tí wọ́n gbé fún yín ńkọ́? Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

Bàbá náà ń wo ike àwọn íìlì.

"Dádì."

"Ó ti tán."

"Látìgbà wo?"

"Oṣù tó kọjá. Ẹ̀rọ yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́ létí odò. Sílíńdà tí a gbé dání la fi délé." Ó gbójú sílẹ̀. "Mi ò sọ fún ọ torí mo mọ̀ pé o máa ní kí n má lọ mọ́."

Ayọ̀kúnnúmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ìbínú náà gba agbára, agbára kò sì sí. Ohun tó ń rò ni pé òun fi gbogbo òru yẹn dúró ti ọmọ ọlọ́mọ, bàbá oníbàbá, kí èémí wọn má baà já.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dìde, ó di bàbá rẹ̀ mú lápá, ó mú un lọ sínú mọ́tò tó wà níta, ó ki ẹ̀rọ ọ́síjìn bọ ihò iná ibẹ̀, ó sì tan mọ́tò náà. Ó jókòó tì í, ó ń wo ìka rẹ̀. Ọgọ́rin ó lé mẹ́fà. Ọgọ́rin ó lé mẹ́sàn-án. Nígbà tó di méjìléláàádọ́rùn-ún, ó pe iléeṣẹ́ tó ń kó ọ́síjìn wá. Wọ́n ní igi wó sójú ọ̀nà púpọ̀, pé ó di aago kan ọ̀sán kí àwọn tó lè gbé sílíńdà tuntun dé.

Ibẹ̀ ni Oyèwálé bá wọn. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń lọ sódò ni, ó ti múra ẹja: fìlà tó ń bo ojú fún oòrùn, bàtà rọ́bà, ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́rin lẹ́yìn mọ́tò. Ọkùnrin gíga tó sanra ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń pè yín láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ayọ̀kúnnúmi sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Oyèwálé bọ́ fìlà. Ó ní iná ò lọ ní ilé tòun ní Fort Washington, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ síbẹ̀, kí ẹ̀rọ náà lè rí iná gidi, kí àwọn tó ń gbé sílíńdà bọ̀ sì bá wọn níbẹ̀. "Ìwọ náà ò gbọdọ̀ wa mọ́tò, ọmọ mi. Wo ojú ẹ. Ẹ wọ tèmi."

"Àwọn ẹja ńkọ́?" Bàbá Dáramọ́lá béèrè.

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Wọn ò nílò omi," ni bàbá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, jẹ́jẹ́. "Ẹ tẹ́ yìnyín sí ìsàlẹ̀ kúlà, ẹ fi àpò tútù lé e, ẹ kó wọn sórí rẹ̀, ẹ fi àpò tútù mìíràn bò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí omi yìnyín máa sẹ̀ jáde nísàlẹ̀. Bó bá ṣe pé mo ní yìnyín lálẹ́ àná, tí mo sì lè rìn lọ rà á, mi ò ní fọwọ́ kan bátìrì."

Oyèwálé ní yìnyín àpò méjì lẹ́yìn mọ́tò. Ohun tí kò ní ni ìgboyà. Ayọ̀kúnnúmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ní gbogbo ọdún méjì tí wọ́n ti ń lọ sódò, Oyèwálé kò tíì fọwọ́ kan íìlì rí. Bàbá rẹ̀ ló ń fi ìdẹ sí ìwọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó ń wo ike náà bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹ́rìí.

"Ohunkóhun tó bá ti ń wọ́ báyìí," ló ní, "ara mi kì í gbà á."

Ayọ̀kúnnúmi wọ ìbọ̀wọ́ ọsibítù tó wà nínú àpò rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa bẹ̀rù ohunkóhun. Ó ki ọwọ́ bọ inú ike náà. Méjìdínlógún ni wọ́n, mẹ́fà ti kú, wọ́n sì ti funfun lábẹ́ ikùn. Àwọn tó kù ń yọ ẹnu sí ojú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Ó kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kúlà. Wọ́n wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kan yìnyín, wọ́n rọ̀, wọ́n sì dákẹ́.

Nílé Oyèwálé, ìyàwó rẹ̀ fún wọn ní tíì gbígbóná àti búrẹ́dì. Wọ́n ki ẹ̀rọ bọ iná. Ayọ̀kúnnúmi fara ti sófà, oorun kò sì gbé e. Ojú rẹ̀ ń ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ró kì-kì. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, bátìrì inú ẹ̀rọ ọ́síjìn náà ti kún. Bàbá rẹ̀ yíjú sí i.

"Kúnnúmi. Odò ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wákàtí kan péré. Nínú mọ́tò ni mo máa wà."

Ó mọ ìdáhùn tó yẹ kí nọ́ọ̀sì fún un. Ó wo aago. 

"Wákàtí kan," ló sọ.

Ibi kan wà létí Potomac tí mọ́tò lè sún mọ́ omi dáadáa. Ọ̀run ti mọ́ lẹ́yìn afẹ́fẹ́, ewé àti ẹ̀ka igi ń bá omi lọ, omi náà sì ń fà padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ọkùnrin ará El Salvador kan àti ìyàwó rẹ̀ ti wà níbẹ̀, wọ́n juwọ́. Oyèwálé ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kí Bàbá Dáramọ́lá lè jókòó kó kọjú sí odò, kí ẹ̀rọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà mú íìlì kan àti aṣọ ìnura.  Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti fi ìwọ̀ bọ ẹnu ẹja náà, ìwọ̀ náà yẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ gbé e wá," Ayọ̀kúnnúmi ní.

"Di orí rẹ̀ mú nínú aṣọ. Má fún un. Ti abẹ́ àgbọ̀n wọlé, kó jáde lókè ẹnu. Bó o bá ṣe é dáadáa, á máa lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é."

Ayọ̀kúnnúmi ti fi abẹ́rẹ́ wá iṣan ẹ̀jẹ̀ lára àwọn arúgbó tí iṣan wọn fẹ́lẹ́ bí òwú. Ẹ̀ẹ̀kan ló fi ìwọ̀ náà sí i. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó mi orí. Oyèwálé, tó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi parí, gba ọ̀pá náà, ó ju ìwọ̀ sódò jìnnà, ó wá gbé ọ̀pá fún bàbá náà.

 Oyèwálé lọ sísàlẹ̀ etí omi pẹ̀lú ọ̀pá tirẹ̀. Ayọ̀kúnnúmi jókòó sí àga tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Dádì, bí mi ò bá tètè dé ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ ń wo okùn ìwọ̀. "Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo òru ni mò ń ka èémí àwọn ẹlòmíràn. Mo wá délé, mo wá bá yín báyìí, nítorí ìdẹ."

Bàbá náà fa okùn ìwọ̀ díẹ̀. "Nígbà tí iná lọ, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wò wọ́n. O rí i bí wọ́n ṣe ń yọ ẹnu lónìí? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe. Mo dúró, mò ń wò wọ́n, rọ́bà wà nímú mi. Kúnnúmi, èmi mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tí kò ṣe é rí ò mọ̀ ọ́n. Kéèyàn la ẹnu kó máà sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò lè padà lọ sùn."

"Ẹ sì ń fi ìwọ̀ gún wọn."

"Mò ń fi ìwọ̀ gún wọn." Kò jiyàn. "Ìyẹn, mo mọ ìdí ẹ̀. Kí wọ́n kàn kú sínú ike nínú òkùnkùn, ìyẹn ni mi ò mọ ìdí ẹ̀."

Ayọ̀kúnnúmi fẹ̀yìn ti àga. Ó pa ojú dé. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ọ́síjìn ṣe ń mí, pìì, pìì, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mí, àti omi tó ń kọ lu òkúta. Oorun ti ń mú un nígbà tí ọ̀pá náà tẹ̀.

"Ó ti mú un," bàbá rẹ̀ ní, kò pariwo.

Okùn ń sá jáde lára ẹ̀rọ ọ̀pá náà. Bàbá náà dúró kó sá díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi. Oyèwálé ti sáré gòkè dé, ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé e fún mi, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ fi Dádì sílẹ̀," Ayọ̀kúnnúmi ní. Ó ti há ẹ̀rọ kékeré náà mọ́ ìka bàbá rẹ̀, ó dúró tì í. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ẹja náà tún sá lọ, ọ̀pá náà tẹ̀ bí ọrun. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Òógùn ń yọ níwájú orí bàbá náà. Ọmọ rẹ̀ mọ iye tí òun ò ní jẹ́ kó kọjá, àmọ́ ó ń dúró, ó fẹ́ kó jẹ́ pé òun ò ní sọ ọ́. Ẹja náà ti ń hàn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn nínú omi, kò ju ilé kan sí èkejì lọ mọ́. Ọgọ́rin ó lé mẹ́fà.

"Dádì, ó tó."

Ó rò pé yóò jiyàn. Bàbá náà yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró. Ó wo odò. Lẹ́yìn náà ló na ọ̀pá náà sí Oyèwálé.

"Gbà á. Má jẹ́ kí okùn dẹ̀."

Oyèwálé fà á wọlé. Wọ́n wọ̀n ọ́n: ínṣì méjìlélógún. Òfin ní kò gbọdọ̀ kéré sí mọ́kàndínlógún, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rìnlélógún lọ, nítorí náà ó ṣeé gbé lọ sílé. Bàbá Dáramọ́lá fi orí ti àga mọ́tò, ó ń mí, ojú rẹ̀ dé. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Èémí mi ò ká ẹja mọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá. Ayọ̀kúnnúmi di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì sọ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, bàbá náà ní kí wọ́n gbé kúlà íìlì fún ọkùnrin ará El Salvador yẹn. Ọkùnrin náà ṣí i, ó rí ohun tó wà níbẹ̀, ó fẹ́ sanwó. Bàbá náà juwọ́ sí i pé rárá, ó sì fi ọwọ́ ṣàlàyé fún un pé kó jẹ́ kí omi máa sẹ̀ jáde nísàlẹ̀.

Aago kan kọjá kí sílíńdà tó dé ilé Oyèwálé. Iná padà sí Forestville nírọ̀lẹ́. Ayọ̀kúnnúmi pe ọsibítù pé òun ò ní lè wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sùn di ọjọ́ kejì láìbọ́ aṣọ iṣẹ́. Lọ́jọ́rú, dókítà fi kún ọ́síjìn bàbá rẹ̀, ó ní kó má ṣe fa ohun tó wúwo mọ́. Bàbá náà gbọ́. Fúnra rẹ̀ ló da omi inú ike náà nù, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Oyèwálé ṣì ń wá gbé e bí ojú ọjọ́ bá dára. Inú mọ́tò ló ń jókòó, pẹ̀lú sílíńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa sọ fún Oyèwálé ibi tó yẹ kó ju ìwọ̀ sí. Ẹran ẹja gígé ni wọ́n fi ń ṣe ìdẹ báyìí. Ẹja tí wọ́n ń rí ò pọ̀.